Orí Méjì Nínú Bọ́lẹ̀kájà Kan

Ní ọdún tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, èmi àti obìnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Ore forí gbá igi mọ́tò nínú bọ́lẹ̀kájà kan náà. Kòtò kan náà ló gbé wa sókè, igi kan náà ló gbà wá lórí. Tirẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ya bo ìborùn rẹ̀. Tèmi kò là. Kókó kan ló yọ lókè etí mi ọ̀tún, kò ju ẹyin àdàbà lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, obìnrin náà ti padà sídìí àlùbọ́sà rẹ̀, pẹ̀lú òwú tí wọ́n fi rán an lórí. Èmi fi nǹkan bí ọdún kan ṣàìsàn. Bí mo bá ń sọ ọ́ lónìí, àwọn ọmọ mi a máa rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà náà kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Inú ń bí mi sí obìnrin yẹn. Lójú mi, ńṣe ló ń fi mí ṣẹ̀sín.

Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ó yẹ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Púpurú ni mò ń ṣe tà nílé ọkọ mi ní Odigbo. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó tò ó sórí àjà igi lókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Bí ó bá gbẹ tán, a ó ha ojú rẹ̀ tó ti dúdú kúrò kí a tó gbé e lọ sọ́jà. Tèmi ló funfun jù ní gbogbo oríta Ore, nítorí bí dúdú tó tó orí abẹ́rẹ́ bá kù lára ẹyọ kan, mi ò ní í tà á. Ìyá ọkọ mi a máa wò mí, a ní, "Ìyàwó, jíjẹ ni wọ́n máa jẹ ẹ́ o, wọn ò ní í fẹ́ ẹ níyàwó." N ó kàn máa ha tèmi lọ. Ẹni tí nǹkan gbọ́dọ̀ gún fún ni mí. Bí kò bá gún, oorun ò ní í kùn mí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bá ọgọ́rùn-ún ènìyàn wí, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gba ẹjọ́ náà sọ́rùn ara mi.

Mo tún ní ẹ̀rù kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ajue ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí bàbá mi já bọ́ láti orí ọ̀pẹ. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn ewé kúrò lára, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, ó jẹun, ó tilẹ̀ bá mi wí pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó sùn, kò jí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé orí tó bá ṣẹ̀jẹ̀ lè san, pé èyí tí kò ṣẹ̀jẹ̀ ni kí ènìyàn bẹ̀rù.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn èrò ọkọ̀ ń kí mi kú oríire pé tèmi kò là, ìkà ni ọ̀rọ̀ wọn lójú mi. Mo jókòó sílé, mo ń ka ọjọ́. Ọjọ́ kẹta kọjá, mi ò kú. Dípò kí n dúpẹ́, mo ní bóyá ọjọ́ keje ni tèmi. Nígbà tí ọjọ́ keje kọjá, mo sún un sí ogójì. Orí ń fọ́ mi lóòótọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń dọ́gbọ́n. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kókó náà wà, á gba ẹ̀yìn ọrùn sọ̀ kalẹ̀. Òòyì a kọ́ mi bí mo bá yára dìde. Mi ò lè gba ariwo, mi ò lè gba èéfín, púpurú kò sì ṣeé ṣe láìsí èéfín. Mo máa ń wọ yàrá láti mú nǹkan, n ó sì dúró síbẹ̀ láìrántí ohun tí mo wá mú. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, àìmọye ìgbà ni irú rẹ̀ ti ṣe mí rí kí n tó forí gbá igi, mi ò kà á sí. Wàyí o, gbogbo ìgbàgbé di ti bọ́lẹ̀kájà.

Àwọn ènìyàn wa kò sì jẹ́ kí n gbàgbé èyí tó yẹ kí n gbàgbé. Ẹ mọ̀ wá, a kì í gbọ́ pé ara ẹnìkan kò yá kí a má yà kí i. Ẹni tó ń lọ sóko á yà, ẹni tó ń bọ̀ lódò á yà. "Orí ńkọ́?" Bí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, n ó fọwọ́ kàn án wò, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń bi mí. Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà ń retí wọn, bí ẹnìkan bá sì kọjá láìyà, inú a bí mi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní oṣù kejì àìsàn mi ni a gbọ́ ìran. Ilé àdúrà kan wà ní Odigbo tí gbogbo ilé ọkọ mi ń lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú kan, a wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun wa nígbà tí ẹ̀mí gbé Ìyá Àdúrà, ìyá àgbà tó máa ń ṣáájú wa. Ó ní òun rí obìnrin kan tó ru ẹrù, pé kí obìnrin náà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, kí ó má rù ú mọ́ títí Olúwa yóò fi ṣe tirẹ̀, kí omijé má baà wọlé. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Àwa obìnrin tó wà níbẹ̀ yóò tó ogójì, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tí kì í ru ẹrù. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe àmín, mo ti mọ̀ pé èmi ni. Ìyá ọkọ mi náà gbójú sókè wò mí.

Bí a ti délé, ìyá ọkọ mi mú òṣùká mi, wọ́n tì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn. Láti ọjọ́ náà, mi ò ru ohunkóhun mọ́. Ẹ wá wò ó, ní ilẹ̀ wa, obìnrin tí kò lè fi orí ru ẹrù, kí ló kù tí yóò ṣe? Omi ńkọ́? Igi ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ láti oko ńkọ́? Ọkọ mi, ènìyàn onísùúrù, ló ń pọn omi kí ó tó lọ sóko rẹ̀ ní Omifunfun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa kí i lọ́nà odò pé, "Ìyàwó, ẹ kú odò o." Òun náà a dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi." Ìyá, tó ti fi ọjà sílẹ̀ nítorí àgbà, tún padà sídìí èéfín. Wọ́n ń ṣe púpurú, wọ́n ń gbé e lọ sí Ore nínú mọ́tò, wọ́n ń darí bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọrùn tó ti wọlé sáàárín èjìká. Púpurú wọn ní dúdú lára. Mo rí i, mi ò sì lè sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé bí ọdún kan bá tún gorí èyí, n ó di aláìsàn ilé títí ayé, ìyá yóò sì kú sídìí iṣẹ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n dájú, síbẹ̀ mi ò lè dìde.

Ọjọ́ òmìnira bá mi bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú àsíá kékeré lọ́wọ́, wọ́n ń kọrin kiri ìlú. Wọ́n se ìrẹsì fún wọn. Gbogbo ilé jáde lọ wò wọ́n. Èmi ti fèrèsé, mo fi ìborùn di orí mi pinpin, mo dojú kọ ògiri. Mo gbọ́ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì sunkún. Kì í ṣe orí fífọ́ ló pa mí lẹ́kún, bí kò ṣe pé mi ò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo rí ohun tó tì mí jáde. Mo jókòó ní ẹnu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń gbọ́ bí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ṣe ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré ìdáná lẹ́yìn ilé. Ọ̀kan ń se ẹ̀bà iyanrìn, ọ̀kan ń ṣe bàbá tó toko dé. Mo yọjú wò wọ́n. Tèmi sùn sílẹ̀, ó fi aṣọ di orí, ó di ojú, ó ní, "Èmi ni ìyá. Orí ń fọ́ mi. Ẹ má pariwo." Àwọn ọmọ tó kù dákẹ́ lóòótọ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn yí i ká. Ojú tì mí débi pé ara mi gbóná. Ohun tí ọmọ mi mọ̀ sí ìyá ni ẹni tó dùbúlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo wọ mọ́tò lọ sí Ore, èmi tí mi ò wọ mọ́tò láti ọjọ́ tí igi ti gbà mí lórí. Mo di igi mú títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan níbẹ̀. Kì í ṣe dókítà gidi, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, ó ní kí n fi ìka kan imú, kí n fi ẹsẹ̀ kan ṣáájú ìkejì lórí ìlà tó wà nílẹ̀. Ó te orí mi yíká.

Ó ní, "Ìyá ọmọ, egungun orí yín kò ṣe nǹkan kan. Ibi tí igi gbà ti san tipẹ́."

Mo ti dìde. "Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni?"

"Ẹ jókòó. Ta ló pe irọ́? Orí ń fọ́ yín, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún mi, nígbà tí igi yẹn gbà yín lórí, kí ló kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn?"

Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ayé ló ń bi mí ní orí, kò sẹ́ni tó bi mí ní ọkàn. Mo la ẹnu pé n ó sọ pé kò sí, "bàbá mi" ló jáde. Ẹkún sì gbọ̀n mí. Mo sọ ti ọ̀pẹ fún un, ti ọbẹ̀ oníyọ̀, ti ọjọ́ kẹta. Ó dúró títí mo fi nu ojú.

Ó wá ní kí n ronú dáadáa, ṣé kò sí ọjọ́ kan tí orí náà kò fọ́ mi. Mo ní kò sí. Ó ní kí n tún un rò. Ni mo bá rántí ọjọ́ tí ewúrẹ́ aládùúgbò wa wọ ibi tí ìyá sá ẹ̀gẹ́ sí. Mo gbá yá wọn láti ilé wa títí dé ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, mo ń ṣépè. Mo padà wálé, mo bá ẹni tó ni ewúrẹ́ jà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rántí pé mo ní orí. Dókítà bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń ta púpurú funfun yẹn ní oríta?" ó bi mí. "Mo máa ń rà á. Ẹni tó ń ha púpurú bẹ́ẹ̀, á fẹ́ kí orí òun náà mọ́ tónítóní kí ó tó dìde nílẹ̀. Ọgbẹ́ máa ń san fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù kì í san bí a bá ń ṣọ́ ọ. Ẹ ń jí, ẹ ń yẹ orí wò bóyá ó ń fọ́. Ta ni yóò yẹ orí tirẹ̀ wò láti àárọ̀ dé alẹ́ tí kò ní í bá nǹkan níbẹ̀?"

Kò fún mi ní oògùn. Ó ní bí mo bá ń bì tàbí tí oorun tí kò ṣeé jí bá ń gbé mi, kí n sáré wá. Bí kò bá sí ìyẹn, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ru nǹkan díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, ìbáà fọ́ ìbáà má fọ́. Ó ní kí àwọn ará ilé mi dẹ́kun bíbi mí ní orí. Mo bínú sí i díẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí mo ti ń retí abẹ́rẹ́. Ẹni tó jẹ̀yà tó báyìí, ó yẹ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kan.

Nígbà tí mo rò ó fún ìyá, wọ́n ní, "Dókítà kò rí ìran." Èmi náà kò jẹ́ kọ ìkìlọ̀ ẹ̀mí nítorí ọ̀rọ̀ ọkùnrin oní-tọ́ọ̀ṣì. Mo wá kó ìtìjú tà, mo lọ bá Ìyá Àdúrà fúnra rẹ̀. Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Èdè Ìkálẹ̀ wa la jọ sọ. Bí gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo wá béèrè ìgbà tí n ó tún lè ru ẹrù.

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ mi. "Ta ló ní kí o má ru ẹrù?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ìran ọjọ́rú yẹn."

"Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ ni?" Ó gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ẹni tó ni iṣẹ́ yẹn wá bá mi kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Oyún ló wà nínú rẹ̀, oyún náà sì fẹ́ bàjẹ́. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ti bímọ, mo ti gbé ọmọ náà jó. Ìwọ, kí lò ń wá nínú iṣẹ́ oníṣẹ́ láti ọjọ́ yìí? O ò lè wá bi mí?"

Lóòótọ́ ni, nínú ilé àdúrà wa, ẹni tí ìran bá ṣe bí ẹni kàn ló yẹ kí ó wá béèrè. Gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kò béèrè nítorí pé ó dá mi lójú. Láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń pa òfin aboyún mọ́, mi ò sì lóyún.

Ìyá Àdúrà ní, "Bí wọ́n bá kígbe olè lọ́jà, ìwọ náà yóò sá?"

Mo rò ó díẹ̀. "Bóyá n ó sá, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí èèpo ẹ̀gúsí fi dà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé orí mi, lórí ibi tí kókó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, ó gbàdúrà kúkúrú, ó ní kí n lọ ru ẹrù mi.

Ìyá gbọ́, wọ́n yọ òṣùká jáde fún mi, ṣùgbọ́n ojú wọn kò túká. Mo bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, òṣùká nìkan ni mo gbé ka orí, mo ń rìn yí àgbàlá ká bí were. Orí fọ́ mi. Mo gbé igbá tó ṣófo, ó tún fọ́ mi. Mo gbé igbá omi tí kò kún, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín ọ̀nà, mo jókòó tì í, mo bú dókítà, mo bú ara mi. Ní ọjọ́ kejì mo tún gbé e. Ọkọ mi ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń yà kí mi. Wọn ò bi mí ní orí mọ́, wọ́n ń bi mí ní ẹ̀gẹ́. Ó máa ń ṣòro fún wọn, àánú mi ṣì ń ṣe wọ́n, ẹlòmíràn á ní, "Or... ẹ̀gẹ́ ńkọ́?" tí n ó sì rẹ́rìn-ín sínú. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, mo ṣàkíyèsí pé mo ti pọn omi dé ilé láìrántí pé orí ni mo fi rù ú.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ore láìgbé nǹkan kan, kí ojú mi kàn tún mọ ibẹ̀. Mo bá obìnrin alálùbọ́sà yẹn lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Irun kò hù lójú àpá rẹ̀. Ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó ń sọ alihamudulilahi. Mo bi í ní ohun tó ti ń gbé mi nínú láti ọdún kan, pé ṣé tirẹ̀ kì í fọ́ ọ.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" ó ní. "Bí òjò bá ṣú, ó máa ń fọ́ mi wọ inú ojú. Màá ní kí ó jókòó tì mí, kí n ta àlùbọ́sà mi. Ọjọ́ mìíràn á jókòó. Ọjọ́ mìíràn kò ní í gbọ́, màá bo àlùbọ́sà mi, màá sùn díẹ̀, màá tún dìde."

Mo ti rò pé irin ni agbárí rẹ̀. Kì í ṣe irin. Òun kò kàn dúró de ọjọ́ tí kò ní í fọ́ kí ó tó ta ọjà. Inú tí mo ti ń bí sí i tú dànù, mo sì ra àlùbọ́sà púpọ̀ ju èyí tí mo nílò lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan lẹ́yìn náà, mo kó púpurú mi kún agbọ̀n dé ẹnu. Ọkọ mi ti lọ sí Omifunfun. Ẹrù tó kún bẹ́ẹ̀, ẹnìkan kì í dá a gbé ka orí ara rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di etí agbọ̀n mú, mo ké pe ìyá pé kí wọ́n wá gbé e rù mí. Mo tún pè. Wọ́n jáde, wọ́n dúró, wọn ò na ọwọ́.

"Ìyá, dókítà ti sọ̀rọ̀. Ìyá Àdúrà ti sọ̀rọ̀. Kí ló tún kù?"

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò rí wọn kí wọ́n sunkún rí, àní nígbà tí bàbá ọkọ mi kú. "Èmi ni mo ní kí o wọ ọkọ̀ yẹn," wọ́n ní. "O fẹ́ dúró de èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní kí o yára. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì ọ́ wọlé. Bí nǹkan bá ṣe ọ́, èmi ni."

Mo ti gbàgbé pátápátá. Èmi tí mo ń ṣọ́ orí mi lójoojúmọ́, mi ò rántí ọwọ́ tó tì mí lẹ́yìn. Àìsàn kan náà ló ń ṣe èmi àti ìyá nínú ilé kan náà fún odindi ọdún kan, mo rò pé èmi nìkan ni. Àánú wọn ṣe mí débi pé mo fẹ́ fi agbọ̀n sílẹ̀ kí n lọ dì mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá fi í sílẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn, àwa méjèèjì kò ní í gbé e mọ́.

"Ìyá, mi ò kú," mo ní. "Ẹ dìde, ẹ wá gbé e rù mí."

Wọ́n dìde. Wọ́n di apá kejì mú, a jọ gbé e sókè, ó bà lé mi lórí. Ọwọ́ wọn ṣì wà lára agbọ̀n. Wọn ò yọ ọ́.

"Ṣé kí n fi í sílẹ̀?"

Ọrùn mi ti dúró. "Ẹ fi í sílẹ̀."

Wọ́n fi í sílẹ̀, mo sì jáde lọ sí ẹ̀bá títì lọ dúró de mọ́tò.